Ẹni Tó Bá Ṣe Bíréèkì, Ẹni Rẹ̀ Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọ Ọkọ̀

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní Poli ní Ọ̀wọ̀ níbí ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe, pé kí n sọ bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti ohun tí mo rí níbẹ̀. Mo ní ṣé ìtàn nìyẹn? Ohun tí mo rí níbẹ̀ tó mi jẹun, ó sì rán ìyá rẹ̀ níléèwé, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀. Ní ti bí wọ́n ṣe gbà mí, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀gá mi, ó ní kí n dìde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo dìde ni mo fẹ́ sọ.

Bíréèkì ni mo fi ogójì ọdún ṣe. Mi ò kun ọkọ̀, mi ò sì tú ẹ́ńjìnnì. Àwọn èèyàn a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ibi táyà nìkan ni mo mọ̀ lára ọkọ̀ ni. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹ́ńjìnnì tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ilé ni yóò fi ọ́ sí, wàá sì jẹun alẹ́ rẹ. Bíréèkì tó bá kọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò gbé ọ lọ. Tí wọ́n bá gbọ́ ìyẹn, wọ́n á rọra gbé ọkọ̀ wọn wọlé wá.

Lọ́dún 1976 tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ti pé ọmọ ogún ọdún. Ìyèrè ni ilé wa. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan sì ni ọmọ tó yè fún ìyá mi, oko iṣu ni àwa méjèèjì jọ ń ro. Lọ́jọ́ kan tí a ń bọ̀ láti oko, mo dúró ti ọkùnrin kan tí bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti já, mo sì fi ọ̀bẹ oko tún un ṣe fún un. Ìyá mi sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń wò mí. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Sámúẹ́lì, oko ò sí lójú ẹ mọ́. Lọ wá ẹni tó máa kọ́ ẹ níṣẹ́."

Ọ̀gá tí mo lọ bá wà létí ìlú Ọ̀wọ̀, lójú ọ̀nà tó ń bọ̀ wá sí Ìyèrè, lábẹ́ páànù mélòó kan tí òjò ń gba àárín wọn kọjá. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù nìyẹn. O bá gbé òòlù, á ní, "Jẹ́jẹ́." O bá ń dé nọ́ọ̀tì, á ní, "Jẹ́jẹ́." Ìgbà kan wà tí màlúù kan ya wọ ṣọ́ọ̀bù, tó ń da irinṣẹ́ rú. Gbogbo àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ ti sá. Ọ̀gá kọjú sí màlúù, ó ní, "Jẹ́jẹ́ o." Màlúù náà sì jáde.

Ẹ má wá rò pé ọkùnrin tí wọ́n lè rẹ́ jẹ ni. Kò lu ẹnikẹ́ni nínú wa rí, ṣùgbọ́n èmi ì bá fara mọ́ ẹgba. Bí o bá dé nọ́ọ̀tì márùn-ún, tí ọ̀kan wọ́, kò ní sọ èyí tó wọ́ fún ọ. Á ní kí o tú márààrún kí o tún wọn dé. Oṣù mẹ́jọ gbáko tí mo kọ́kọ́ lò, ìpẹtà ni mo ń ha. Mo ha ìpẹtà títí tí ìyá mi fi bi mí bóyá wọ́n ti ń kọ́ mi níṣẹ́ àbí wọ́n ń fi mí fọ ìkòkò. Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá, kò bínú. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, kò lè mọ ibi tí irin ti ń rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀nà tó gbà kọ́ wa nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ní kúkúrú. Nínú táyà ọkọ̀ ìgbà yẹn, irin ńlá kan wà tó rí bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, a ń pè é ní dúrọ́ọ̀mù. Nínú rẹ̀ ni irin méjì tó tẹ̀ kọdọrọ wà, ìyẹn ṣúù, ohun líle kan tí à ń pè ní láínínì sì bo ẹ̀yìn wọn. Bí o bá ti tẹ bíréèkì, epo bíréèkì á gba inú páìpù lọ ti àwọn rọ́bà kékeré kan, rọ́bà á ti ṣúù, ṣúù á fẹ̀, láínínì á sì di dúrọ́ọ̀mù mú. Gbogbo rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ rọ́bà tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ.

Bí Ọ̀gá bá fẹ́ yẹ dúrọ́ọ̀mù wò, á dijú, á wá fi èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ yí inú rẹ̀ po. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, irin ti jẹ níbẹ̀. Ẹnì kan gbé irin ìwọ̀n òyìnbó wá lọ́jọ́ kan láti fi dán an wò. Ohun tí èékánná Ọ̀gá sọ náà ni irin ọ̀hún sọ. Mo ti rí oríṣiríṣi mẹkáníìkì láti ìgbà náà, mi ò tíì rí irú ọwọ́ yẹn mọ́.

Rọ́bà yẹn gan-an ni Ọ̀gá bẹ̀rù jù. Epo bíréèkì ló ní kí a máa fi fọ̀ ọ́, bí kò bá sí, kí a lo omi ọṣẹ kí a sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Kẹrosíìnì ò gbọdọ̀ kàn án. Kẹrosíìnì la fi ń fọ gbogbo irin ọkọ̀, ó sì máa ń mú wọn dán, ṣùgbọ́n rọ́bà tó bá mu ún á wú. Ibi tó burú sí ni pé ó lè má hàn lójú ẹsẹ̀. Lónìí bíréèkì á di ọkọ̀ mú, lọ́la á dì í mú, ọjọ́ tí o ò rò ó ni yóò já ọ kulẹ̀.

Àṣà kan sì wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí mi ò rí níbòmíràn. Ẹni tó bá ṣe bíréèkì ọkọ̀, ẹni rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ náà. Bí Ọ̀gá bá parí iṣẹ́, á gbé ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú, á wa ọkọ̀ náà sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí odò, á dúró létí omi, á sì padà, kó tó ránṣẹ́ pe ọlọ́kọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni títí ó fi sú u. A ó kàn rí i tó fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí iná tó ń kùn bọ̀.

Mo bi Ọ̀gá léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òun kánjú ṣe bíréèkì lọ́ọ̀lì kan tó ń lọ sí ìhà Ọ̀sẹ́. Lọ́ọ̀lì náà já wọgbó, obìnrin kan sì ṣẹ́ lápá níbẹ̀. "Kò kú," ó ní, "ṣùgbọ́n kò lè gún iyán mọ́ láyé ẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Sámúẹ́lì, ká ní ìyá mi ló fẹ́ wọ lọ́ọ̀lì yẹn ni, ǹ bá tún táyà yẹn tú." Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò tán síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń kọ́gbọ́n nínú kòtò yẹn lójoojúmọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba fíríìdọ́ọ̀mù. Á dá tú bíréèkì ọkọ̀ kan délẹ̀, á dá tún un tò, á wá gbé ẹni tó fẹ́ràn jù láyé jókòó síwájú, á wà á sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ọkọ̀ bá dúró létí odò, ó di ọ̀gá nìyẹn. Ní tèmi, ta ni ǹ bá gbé bí kò ṣe ìyá mi? Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún un ló ti ń ka oṣù. Ó ti sọ fún gbogbo àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìyèrè pé òun ni òun máa jókòó síwájú.

Nígbà tó di ọdún 1981, ọkọ̀ tí Ọ̀gá yàn fún mi ni pikọ́ọ̀pù Bàbá Tíṣà. Bàbá Tíṣà jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìyèrè, pikọ́ọ̀pù rẹ̀ sì dàgbà jù mí lọ. Ọwọ́ àwọn òyìnbó tó ṣe ọ̀nà ló ti rà á. Ó ń fi kó iṣu láti Àfò àti Ìjàgbà, ó sì ń fi gbé aláìsàn wá sí ọsibítù láìgba nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ tuntun ń rọ́ wọlé, tí wọ́n ń bi í pé kí ló ń fi ògbólógbòó ṣe. Á tẹ awò ojú rẹ̀ mọ́ imú, á ní, "Ẹ ti bi ìyàwó yín léèrè bẹ́ẹ̀ rí?"

Nígbà tí Ọ̀gá fi yàn án fún mi, bíréèkì rẹ̀ ti bàjẹ́, ọkọ̀ náà sì ti jókòó fún òjò méjì. Dúrọ́ọ̀mù ti so mọ́ ṣúù, ọjọ́ méjì ni mo fi ń rọra gbá ọ̀kan kó tó tú. Mo fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé àwọn rìfẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìyẹn ìṣó tó di láínínì mọ́ ṣúù, mo ṣí láínínì tó ti jó kúrò, mo gé tuntun, mo fi ọwọ́ lu ihò rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án láti àárín lọ sí etí, torí bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, yóò gbé sókè láàárín. Mo fi ẹfun kun ojú láínínì, mo yí dúrọ́ọ̀mù lé e, mo wo ibi tí ẹfun ti parẹ́, mo fi fáìlì ha ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi ń kàn dọ́gba. Ọ̀gá á kọjá, á wò ó, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé oríyìn nìyẹn.

Ó ku ọ̀la. Àṣà ni pé kí a tẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú táyà sórí aṣọ funfun, kí ọlọ́kọ̀ wá fojú rí i kí a tó dé e. Bàbá Tíṣà kì í ṣe ẹni tó ń fojú fo nǹkan. Mo wo irin, ó ń dán. Mo wo láínínì, ó dọ́gba. Mo wo rọ́bà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìdọ̀tí àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n fẹ́ kó àbàwọ́n bá aṣọ funfun mi. Epo bíréèkì tó kù nínú agolo kò ju èyí tí a máa rọ sínú ọkọ̀ lọ. Omi ọṣẹ ì bá ṣe é, ṣùgbọ́n kì í yára bó ìdọ̀tí, kì í sì í tètè gbẹ, Bàbá Tíṣà sì ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Èmi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, mo rì wọ́n sínú kẹrosíìnì, mo gbọ̀n wọ́n, mo sì fi àkísà nù wọ́n kíá. Wọ́n dúdú minimini. Bàbá Tíṣà wo aṣọ náà, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Orí mi wú. Mo dé gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi dé pẹ̀lú ìyá ṣọ́ọ̀ṣì méjì. Aṣọ funfun tó fi ń gba ara Olúwa ló wọ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ṣé iwájú náà ni màá jókòó?" Ní gbogbo ayé rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ti ń jókòó pẹ̀lú iṣu. Mo ní iwájú ni. Ó gòkè, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, kò sì lè pa ẹ̀rín mọ́ra.

Mo tẹ bíréèkì wò. Ó le dáadáa. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí mo ṣe, bóyá kò sì sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ títí a ó fi dé odò. Mo ti fẹ́ ṣíná ọkọ̀ kí n tó wolẹ̀ tí mo rí ẹsẹ̀ ìyá mi. Ó ti bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá mi dá a dúró. Mo mú ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà sọ̀ kalẹ̀."

Ó wojú mi. "Sámúẹ́lì, ohun tí ọwọ́ ẹ ṣe ni o ní kí n má wọ̀?"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé kẹrosíìnì ni mo fi fọ rọ́bà. Ó ní kí n tú táyà kan, ó yọ rọ́bà rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kan láti ara ọkọ̀ mìíràn. Tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọdún kan sí i." Ìyá mi kí i, ó mú báàgì rẹ̀, òun àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìyèrè. Ohun mímu tí a tò sílẹ̀, ẹnì kan ò ṣí i.

Mo bínú sí Ọ̀gá, mi ò ní parọ́. Mo bínú sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọdún yẹn, bí mo bá lọ sílé, ìyá mi kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ojú sì ń tì mí láti dá a sílẹ̀. Nígbà òjò, ikọ́ gbé e dè. A tọ́jú rẹ̀ nílé, a gbé e wá sí ọsibítù, inú pikọ́ọ̀pù Bàbá Tíṣà kan náà ni, tí Ọ̀gá ti fi rọ́bà tuntun sí. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ó kú kí ọdún náà tó pé. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ì bá rí i pé mo di ọ̀gá kó tó lọ.

Mi ò fẹ́ràn láti pẹ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́ ná. Ọwọ́ la fi ń lu ihò láínínì nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, iná mànàmáná ló ń lù ú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lẹ láínínì mọ́ ṣúù láti ilé iṣẹ́, a ò kàn rìfẹ́ẹ̀tì mọ́. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò ní dúrọ́ọ̀mù níwájú mọ́, àwo irin lásán ni, ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta lè pààrọ̀ rẹ̀. Ó dára, mi ò bá wọn jà. Ẹnu la fi ń fẹ́ eruku láínínì dànù láyé ọjọ́un, ikọ́ tí mo ń wú títí dòní, mo fura pé ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ máa fi nǹkan bo imú yín. Irinṣẹ́ tuntun ò burú, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó ní èékánná Ọ̀gá mi.

Wàyí o, mo jẹ yín ní bí mo ṣe gba fíríìdọ́ọ̀mù. Lọ́dún 1982 tí ọdún kan pé, Bàbá Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wa pikọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Ó ní wọn ò ní fi ọkọ̀ ẹlòmíràn dán mi wò. Mo tú u, mo tò ó. Omi ọṣẹ ni mo fi fọ rọ́bà, mo sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi gbẹ. Nígbà tí mo dé nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, mo ti parí, ṣùgbọ́n mi ò lẹ́ni tí màá gbé." Ẹbí bàbá mi wà, ṣùgbọ́n àṣà yẹn ò gba ẹni tí àyà rẹ ò ní já fún.

Ọ̀gá nu ọwọ́. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá mi jókòó sí lọ́jọ́sí, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gòkè. Ó ṣí fìlà rẹ̀ lé itan. "Máa wà á lọ," ó ní.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. A ti dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ìyá rẹ padà wá síbí lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó dá wá ni. Ó ti ń wúkọ́ nígbà náà. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, mo dì í mú, torí ó jù mí lọ. Ó ní òun wá dúpẹ́. Ó ní ọmọ tó lè sọ ìyá rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àlejò nítorí òtítọ́, òun ò bẹ̀rù nítorí rẹ̀ mọ́. Ó ní bí òun ò bá sí nílé ayé lọ́jọ́ tó bá tún yẹ, kí n bá òun jókòó síwájú. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ títí di ọjọ́ náà." Ó na ọwọ́ sí odò. "Tẹ̀ ẹ́. Jẹ́jẹ́."

Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa, ẹsẹ̀ mi ló mọ ibi tí bíréèkì wà. Mo tẹ̀ ẹ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ náà sì dúró létí omi láìfì sọ́tùn-ún, láìfì sósì. Mo gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, mo sunkún. Ọ̀gá ò ní kí n dákẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ìjókòó tó wà láàárín àwa méjèèjì, ó rọra ní, "Ìyá Sámúẹ́lì, a ti dé odò o."